Èéfín Tó Ń Júwe Ọ̀nà fún Àlejò

Mo rántí ìgbà tí òórùn epo tuntun àti òórùn tùràrí máa ń pàdé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà wa ní Òde-Ayé. Àwọn obìnrin ẹbu, ìyẹn àwọn tó ń se ẹyìn tí wọ́n sì ń fún un di epo, á ti wẹ̀, á ti wọ sùtánà funfun, síbẹ̀ epo kì í fi wọ́n sílẹ̀. Yóò wà lábẹ́ èékánná wọn, yóò wà nínú irun wọn. Wọ́n á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á wọlé, wọ́n á sì máa dúró de ìgbà ìjẹ́rìí. Ẹni tí kò bá mọ irú ìjọ wa kò lè mọ ohun tí ìjẹ́rìí jẹ́ fún wa. Kì í ṣe pé ènìyàn kàn dìde, kó ní Ọlọ́run ṣeun, kó jókòó. Ńṣe la máa ń là á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹni tó wá ra epo, ìlú tó ti wá, bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe fẹ́ rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà Ìrẹ̀lẹ̀, àti ohun tó ṣẹ́kù tí a ṣì ń bẹ Olúwa fún. Ìjọ á máa dáhùn, agogo á máa dún, ijó á sì bẹ́. Àwọn baba wa gbà pé oore tí a bá fi pamọ́ a máa rà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Adùn ni mo mọ̀ ọ́n sí nígbà náà; mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò korò lẹ́nu mi ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni. Èdè Yorùbá ni mo fi agbára èwe mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òkìtìpupa, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tó bá jókòó lábẹ́ mi kò ní í gbé òwe gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ló wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó ti di ọ̀gá kékeré ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Àkúrẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó gbọn eruku ara ṣòkòtò rẹ̀ nù.

“Tíṣà wa, mo bá iṣẹ́ wá. Iṣẹ́ ẹnu ni, ẹ̀yin lẹ sì ni ẹnu.”

“Ẹnu mi ti gbó, ọmọ mi.”

“Ẹnu kì í gbó, Tíṣà. Eyín ló ń gbó.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti rí mi mú nìyẹn. Àgbàlagbà tó bá ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ó ti gba iṣẹ́ náà tán.

Ohun tí wọ́n ń tà kì í ṣe fóònù àpò lásán. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, tí oníṣòwò yóò máa lò fún òwò rẹ̀. Bí oníbàárà bá pè é, yóò dún lọ́wọ́ ọ̀gá, yóò dún ní ìsọ̀, yóò tún dún lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹrù. Bí ọ̀kan kò bá gbé e, èkejì á gbé e, oníbàárà kò sì ní í yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó dára ni, mi ò ní í torí ìbínú purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n tà á. Wọ́n ní kí n máa wá àwọn tó yẹ kí wọ́n tà á fún: ẹni tí òwò rẹ̀ ti ju ọwọ́ kan lọ, tí agbára rẹ̀ ká a, tó sì ń kábàámọ̀ àwọn oníbàárà tó pè é tí wọn ò rí i bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀ láti lo orúkọ náà. Ẹyìn pípọ́n ni èmi ń pè wọ́n, kò sì pẹ́ tí gbogbo ọ́fíìsì Àkúrẹ́ fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá rántí ara mi lákòókò náà, ojú a máa tì mí díẹ̀, ẹ̀rín a sì máa pa mí díẹ̀. Mo so táì mọ́rùn nínú oòrùn Òkìtìpupa, mo dé fìlà ilé-iṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ yọ síwájú bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, mo sì rò pé gbogbo ìlú ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ibi tí mo bá ti rí pátákó ńlá ni mo ń yà sí. Pátákó ńlá wà lẹ́nu ilé, àlàpà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìjù-Odò, ọkùnrin kan tó ń lọ gbágùúdá dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró nítorí mi, ó fetí sílẹ̀ dáadáa títí mo fi parí, lẹ́yìn náà ó ní: “Tíṣà, ẹ̀rọ mi ń pariwo, ìyàwó mi ń pariwo, ẹ tún wá fẹ́ kí fóònù mẹ́ta máa pariwo?” Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Bí mo ṣe ń rìn káàkiri nìyẹn, tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń bi mí pé ẹyìn dà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló là mí lọ́yẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa. Nígbà tí ìyá wa kú, òun ló gbé mi sẹ́yìn, òun ló ta epo tó fi sọ mí di olùkọ́. Òun ni Ìyá Ìjọ wa, ó sì ní ẹbu mẹ́ta, kò sì sí obìnrin tó ń fún epo ní àyíká wa tí kì í wo ojú rẹ̀ kó tó dá iye lé epo tirẹ̀. Mo jókòó sí ẹbu rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń jẹ púpurú tó gbé ka iwájú mi, mo sì ń ráhùn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Tíṣà, akọ̀pẹ tó bá ń gun gbogbo igi inú oko, ọjọ́ wo ni yóò délé? Ilẹ̀ ni kó o máa wò. Ọ̀pẹ tí ẹyìn rẹ̀ bá ti pọ́n, yóò já díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ.”

Èdè Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́, ó sì dùn ju bí mo ṣe kọ ọ́ sí Yorùbá ìwé yìí lọ. Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ. Ẹnu òun gan-an ni mo ti gbọ́ ọgbọ́n náà.

Níbo ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa ti ń já ẹyìn sílẹ̀ bí kò ṣe níbi ìjẹ́rìí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá dúpẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló wá kó igi òun lẹ́ẹ̀kan náà, òwò rẹ̀ ti pọ́n nìyẹn. Ẹni tó bá ní kí a bá òun gbàdúrà nítorí oníbàárà Èkó tó pe òun nígbà tí òun wà nínú oko, tí kò sì pè mọ́, òun gan-an ni ilé-iṣẹ́ ń wá. Mi ò jí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Gbangba ni wọ́n ti ń sọ ọ́, agogo sì ń dún sí i. Bí ọjọ́ Ajé bá mọ́, èmi fúnra mi á gba ilé wọn lọ, n ó sì béèrè pé, “Ṣé kí n dárúkọ yín fún wọn?” Wọ́n á ní kí n dá a. Wọ́n ra nọ́ńbà náà, ó sì wúlò fún wọn. Agbẹ́gilódò ará Ìrẹ̀lẹ̀ kan gbé ẹran ìgbẹ́ wá fún mi nítorí rẹ̀. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í tó ilẹ̀.

Ohun kan ló yà mí sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Bí àwọn yòókù bá ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì nípa ẹnì kan, wọ́n á ní: elépo ni, ó nílò fóònù. Ṣé bí a ṣe ń kọ nípa ọmọ ènìyàn nìyẹn? Èmi máa ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ oríkì. Ọmọ tí mo kọ́ náà á pè mí láti Àkúrẹ́, á ní, “Tíṣà, ẹ tún ti dárà! Mo kà á sókè fún gbogbo ọ́fíìsì, wọ́n pàtẹ́wọ́.” Inú mi á dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí tábìlì níwájú kíláàsì.

Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, mo fi gbogbo ẹ̀bùn mi sí i. Mo kọ ọ́ pé: obìnrin tí epo rẹ̀ kì í sun ilé, tí èéfín ẹbu rẹ̀ ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Mo kọ ọ́ pé Ìyá Ìjọ ni, pé ẹ̀rù Ọlọ́run wà lọ́kàn rẹ̀. Mo kọ ohun tó ń béèrè nígbà ìjẹ́rìí, pé kí Olúwa rán oníbàárà kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo epo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kà á fún un. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní, “Àbúrò mi, o mọ ọ̀rọ̀ í sọ.” Ó ra nọ́ńbà náà. Fóònù ń dún ní ẹbu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó di ìgbà tí ẹyìn ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí epo ti ń wọ́n. Lọ́dún yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kò ta epo rẹ̀ bó ṣe máa ń tà á; ó ti kó gbogbo èyí tó fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń dúró de irú àkókò yẹn gan-an. Òun ni iṣẹ́ ọdún rẹ̀. Òun náà ni yóò fi ra ẹyìn ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn olóko, nítorí ẹni tí kò bá rí nǹkan kó síwájú olóko, ẹbu rẹ̀ ti kú. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó dìde láti jẹ́rìí.

“Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run ti pè mí lórí fóònù.”

“Halelúyà!”

“Ọkùnrin kan ni. Mi ò rí i rí, kò rí mi rí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń bẹ nínú ààwẹ̀. Ó ní, ‘Ìwọ obìnrin tí epo rẹ kì í sun ilé, tí èéfín ẹbu rẹ ń júwe ọ̀nà fún àlejò, àdúrà rẹ ti gbà. Ẹni tí yóò kó gbogbo epo rẹ lẹ́ẹ̀kan náà ń rán ọkọ̀ bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Má ṣe ná an. Má ṣe béèrè owó títí epo yóò fi délẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ ni wọ́n ń wọ̀n.’ Ẹ̀yin ará, ta ló sọ àdúrà mi fún un?”

Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ wa dàgbà. Bí ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí bá sọ ohun tó wà nínú wa fún wa, a kì í béèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Orí eékún la ń wà. Ẹ̀mí ti gba ojú àlá bá wa sọ̀rọ̀ rí, ó ti gba ẹnu ọmọdé, kí ló dé tí kò ní í gba inú fóònù? Ṣùgbọ́n èmi kò bá wọn jó. Mo mọ gbólóhùn yẹn. Mo mọ ọjọ́ tí mo pa á rẹ́ tí mo tún un kọ, nítorí “júwe” dùn létí mi ju “fi hàn” lọ. Mo dìde láàárín ijó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yẹn kò ti ọ̀dọ̀ Ẹ̀mí wá. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Àkúrẹ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí.”

Bàbá Aládùúrà wa, tó jẹ́ olórí ìjọ, wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Tíṣà,” ó ní, “ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ Ẹ̀mí Mímọ́ ní Yorùbá ni?”

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ohùn kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin: “Ó fẹ́ gba máàkì lọ́wọ́ Ọlọ́run!” Òmíràn dá a lóhùn: “Ẹ fi í sílẹ̀, kò rí kíláàsì kọ́ mọ́ ni.” Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo bá fọ́ ìkòkò.

“Ẹnikẹ́ni ló lè mọ ọ̀rọ̀ rẹ, Tíṣà. Ta ló sọ fún ọkùnrin yẹn pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí? Jókòó, àbúrò mi. O ń dójú tì mí.”

Mo jókòó.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gba ẹbu lọ ní òwúrọ̀ kùtù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dé, àwọn géńdé sì ń yí dúrọ́ọ̀mù gun orí pákó. Ní ilẹ̀ wa, epo kì í kúrò ní ẹbu láìjẹ́ pé ẹni tó fẹ́ rà á ti da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tó wò ó lójú oòrùn, tó fi kan ahọ́n, tó bú epo náà, tí olóhun sì bú u padà. Lẹ́yìn èyí ni iye yóò tó dé ojú rẹ̀. Ọmọ ìyá ẹni pàápàá kò rékọjá àṣà yìí. Ọkùnrin tó wa ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ wo epo. Ó ní wọ́n kàn háyà òun ni, òun kò mọ ẹni tó ni ẹrù. Ibi tí wọ́n ní kí òun já a sí ni òun mọ̀, ẹ̀bá títì márosẹ̀ ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo ní, “ẹni tó wá ra epo tí kò tọ́ ọ wò, kí ló wá rà?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. “Tíṣà, nígbà tí mo ń ta epo láti fi ọ́ sílé ìwé, ṣé mo bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ? Mo gbà gbọ́ ni. Ṣé ìgbàgbọ́ yẹn jọ ìwà òmùgọ̀ lójú rẹ?”

Mo lọ dúró síwájú ọkọ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dá màlúù padà. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó kàn sọ fún àwọn géńdé náà pé, “Ẹ rọra gbé e kúrò. Àgbàlagbà ni.” Méjì nínú àwọn tó gbé mi, mo kọ́ wọn ní kíláàsì. “Ẹ má bínú, Tíṣà,” ni wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe gbé mi lápá lé ẹ̀gbẹ́ kan bí àpò ẹ̀kùrọ́. Ọkọ̀ náà kọjá lójú mi, epo díẹ̀ ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹni tó pe ẹ̀gbọ́n mi kò pè mọ́, owó epo kò sì dé. Nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé. Ìjọ gbààwẹ̀, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n ní àkókò Ọlọ́run ni yóò dára jù. Nígbà tí ẹyìn tuntun jáde, àwọn olóko gbé e gba iwájú ẹbu ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ti ẹlòmíràn. Iná kú ní ẹbu kìíní, ó kú ní èkejì, ó kú ní ẹ̀kẹta. Obìnrin tó ń ta epo ní dúrọ́ọ̀mù-dúrọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀ wá ń ra epo lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ níṣẹ́, ó ń rọ ọ́ sínú ìgò, ó ń tò ó sórí àga lẹ́bàá ọ̀nà. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo sọ òkò. Ọwọ́ àlejò ni òkúta mi wà nígbà tó fò.

Mo lọ sí Àkúrẹ́. Ọmọ tí mo kọ́ ní kí wọ́n gbé omi tútù wá fún mi. Mo bi í léèrè bí ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí i ṣe dé ẹnu olè.

“Ẹ má bínú, Tíṣà. Orúkọ tí ẹ bá ti fún wa, ó ti di ti ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ a sì máa bá àwọn alábàáṣepọ̀ pín in. Gbogbo wọn ló ń ṣe é.”

“Àwọn wo ni alábàáṣepọ̀ yín?”

“Wọ́n pọ̀, Tíṣà. Àwọn náà a tún máa tà á fún ẹlòmíràn. Mi ò lè mọ gbogbo wọn.”

“Gbólóhùn mi ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ tà á pẹ̀lú gbogbo oríkì inú rẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó fẹ́ yìn mí. “Ó ti dùn jù láti yọ kúrò, Tíṣà.”

Mo ṣí fìlà ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ náà, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀, mi ò mu omi rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ti di ọ̀gá àgbà báyìí. Mo kọ́ ọmọ náà ní òwe, mo kọ́ ọ ní àkànlò èdè, n kò mọ ìgbà tó sá kúrò ní kíláàsì lọ́jọ́ tí mo kọ́ wọn ní ìtìjú.

Mo rò pé nígbà tí mo bá sọ ohun tí mo gbọ́ ní Àkúrẹ́ fún ìjọ, tí òtítọ́ sì fojú hàn, wọn yóò bá mi wí jẹ́jẹ́, wọn yóò sì tọrọ àforíjì díẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ẹni tó jàre láwùjọ tó fi í rẹ́rìn-ín, ẹ̀bi rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹnu tó ní mo ń jowú Ẹ̀mí Mímọ́ náà ló tún wá ń sọ pé èmi ni mo ru ọ̀rọ̀ ìjọ lọ tà ní Àkúrẹ́. Bàbá Aládùúrà, tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ló wàásù nípa Júdásì. Láti ọjọ́ náà ni ìjẹ́rìí ti kú ní ilé àdúrà wa. Ènìyàn á dìde, á ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́,” á jókòó. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ohun tí a fẹ́ bá a dúpẹ́ lé lórí. Agogo kò mọ ibi tí yóò ti bọ́ sí i.

Èyí kò dùn mí tó ti ẹ̀gbọ́n mi. Kò bú mi rí. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò gbé púpurú kalẹ̀, yóò bu ẹja tó dára jù lé e, yóò sì jókòó tì mí títí n ó fi jẹun tán. Ṣùgbọ́n obìnrin tó máa ń ròyìn ọjà, oko àti oorun alẹ́ fún mi kò ní ìròyìn mọ́. Ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, mo dé ilé rẹ̀ mo bá aṣọ pélébé-pélébé funfun lórí okùn, irú èyí tí a ń wọ̀ fún ọmọ tuntun. Ó hàn gbangba pé ọmọbìnrin rẹ̀ tó kẹ́yìn, tí a ti ń gbàdúrà ọmọ fún láti ọjọ́ pípẹ́, ti bímọ. Èmi ni mo máa ń sọ àwọn ọmọ ilé náà lórúkọ, orúkọ ti ọmọ yìí sì ti wà lẹ́nu mi. Mo nawọ́ sí okùn náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìròyìn wo ló wà nílé yìí?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ náà kúrò lórí okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì tíì gbẹ.

“A dúpẹ́,” ni ohun tó sọ.

Mo mọ ọ̀rọ̀ í sọ, òun fúnra rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi nìyí, mo ti darúgbó sí ìlú mi, láàárín àwọn ènìyàn mi. Ẹyìn ń pọ́n lórí ọ̀pẹ káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń já sílẹ̀ níbi tí mo bá dúró sí.